ÀWÒKỌ́ṢE YÀTỌ̀ SÍ AYÉDÈRÚ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Bódìjà, Ìbàdàn)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà, mo kọ́kọ́ rò pé kí n sọ ìtàn díẹ̀ tí ó dùn létí, kí n sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti èṣí, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́ fún yín, nítorí pé ọwọ́ èmi náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ óò rántí pé aṣọ tí gbogbo wa fi ṣe ọdún ẹgbẹ́ ní èṣí jẹ́ aṣọ aláwọ̀ aró, tí àwòrán òpó Màpó wà lára rẹ̀. Èmi wà nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ rán lọ sí ọjà láti yan aṣọ náà. Ẹni tí ó tà á fún wa sọ pé àdìrẹ ni. A gbà á gbọ́, a ná an, a sanwó, inú wa sì dùn pé owó díẹ̀ ni a fi rí ohun tí ó dára. Ní ọjọ́ ọdún, bí ijó ti ń lọ lọ́wọ́, ìyá àgbà kan tí ó fi aró dídá tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú etí aṣọ mi, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ yìí kò dé inú ìkòkò rí." Ó fi í sílẹ̀, ó sì ń jó lọ. Kò bú wa, kò sì pariwo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wa gan-an? Ṣé pé a ra ohun tí a wò kọ lára ohun mìíràn ni? Bí ó bá jẹ́ pé àwòkọ ni ẹ̀ṣẹ̀, ta ni yóò mọ́ nínú wa?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti orí aṣọ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, èyíinì ni Ìbàdàndùn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ pé a máa ń pín in sí ojú-ojú bí ojú fèrèsé, tí olúkúlùkù ojú sì ní àwòrán tirẹ̀. Ojú tí a fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn aṣọ yòókù ni èyí tí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà nínú rẹ̀, tí a fi ṣíbí sí àárín òpó kan sí èkejì.

Ní 1929 ni a ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Ẹnjiníà òyìnbó kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní Taffy Jones ni ó ya àwòrán ilé náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú òpó ńláńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ni wọ́n fi òpó bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé àwọn òrìṣà wọn. Àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n dé lẹ́yìn wọn wò ó kọ́, wọ́n fi kọ́ ilé ẹjọ́ àti ilé ìjọba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e wá sí orí òkè wa, kí ẹni tí ó bá gbójú sókè lè rí agbára wọn.

Àwọn obìnrin aládìrẹ náà gbójú sókè. Wọ́n rí òpó. Wọ́n mú ìyẹ́ adìẹ, wọ́n ti í bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n sì kọ òpó náà sára aṣọ. Ohun tí ìjọba gbé ka orí òkè, àwọn ìyá wa sọ ọ́ di ohun tí à ń ró mọ́ ìdí. Wọ́n mú ṣíbí láti ilé ìdáná, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ òpó Róòmù, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti mọra tipẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún aṣọ náà ní orúkọ tí kò sí lẹ́nu ará Gíríìkì tàbí ará Róòmù: Ìbàdàn dùn. Àwòkọ tí a wò kọ lára àwòkọ ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ wa pé tiwa ni.

Báwo ni àwòrán náà ṣe tàn kálẹ̀? Àwòkọ náà ni. Ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ kò ní ìwé tí yóò máa kà. Aṣọ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Yóò wo ti ìyá, yóò ṣe é, a óò bá a wí, yóò tún un ṣe. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ọn tán, yóò ya ẹyẹ kan sí ibi tí ìyá ya ewé sí, tàbí kí ó mú kí ṣíbí tirẹ̀ gùn jù ti ìyá lọ. Ìdí nìyí tí aṣọ Ìbàdàndùn méjì kì í fi í bára mu tán. Èyí ni àwọn baba wa ń pè ní àwòkọ́ṣe: ẹni tí ó wò, tí ó kọ́, tí ó sì ṣe, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un.

Bí a bá tilẹ̀ tọpa àdìrẹ fúnra rẹ̀, a óò rí i pé kì í ṣe ohun tí ó dá wà láìní àlejò nínú. Aró dídá ti wà láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń rọ ní ìṣù, tí wọ́n ń sá. Omi eérú ni wọ́n ń sẹ́ sí i nínú ìkòkò, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi kan. Wọ́n ń fi ìko di aṣọ kí aró má baà wọ ibi tí wọ́n di. Èyí ni àdìrẹ oníko. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí ó tẹ́jú, tí a lè fi ìyẹ́ yàwòrán sí, tí ó mú kí àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti Manchester ni ó ti wá. Bí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní 1901, tí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó sì tẹ̀dó sí Dùgbẹ̀ àti Gbági, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ òyìnbó ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn aláró.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gé páánù, wọ́n dá ọnà sí i lára, wọ́n sì ń ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ sára aṣọ, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Ọba George Karùn-ún gorí oyè ní 1935, àwòrán ọba náà àti Olorì Mary wà lórí oríṣiríṣi ohun ìrántí. Àwọn aládìrẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọlọ́ba. Láti ìgbà náà ni a ti ń ró o fún ìnáwó, ti àwọn tí kò mọ orúkọ George pàápàá.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí ó ti òkè òkun wá ni ó bọ́ sí rere. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, àwọn aláró kan ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n, nítorí pé wọ́n ń mú iṣẹ́ yá ju ẹ̀lú àti eérú lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ a fi jó aṣọ. Àwọn oníbàárà ń kùn. Ọ̀rọ̀ náà di ti ààfin. Aláké Ladàpọ̀ Adémọ́lá fi òfin de àwọn ohun tuntun náà, ọ̀pọ̀ aláró kò sì gbà, títí tí a fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí ohun èlò ni oníbàárà ń wò. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ohun tí a pè é fún mi náà ni mo rà?

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun díẹ̀, kí a má baà rò pé àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní erékùṣù Java, àwọn obìnrin a máa fi ìda gbígbóná yàwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹ̀kọ ṣe é. Àwọn ará Họ́láńdì tí wọ́n ń jọba lé wọn lórí rí i pé ó ń tà. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n lè tà á ní pọ́ọ́kú fún àwọn ará Java náà. Ilé iṣẹ́ Vlisco, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní 1846, wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí sọ di olókìkí. Ṣùgbọ́n oje tí ẹ̀rọ ń lò dípò ìda a máa sán, aró a sì máa gba ojú sísán náà wọlé. Àwọn ará Java kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí aṣọ náà dé Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní 1957, àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, wọ́n sì fún un ní orúkọ àti òwe. Ohun tí àwa ń pè ní àǹkárá lónìí nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí a bá wọ àǹkárá tí a sọ pé aṣọ ìbílẹ̀ wa ni, kì í ṣe irọ́, nítorí àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ; ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé obìnrin Java kan wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tí a ṣe sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni à ń ṣe sí àwọn ìyá tiwa lónìí.

Ẹ wo Ìbàdàn tuntun yìí tí àwa tí a fi agbo ilé sílẹ̀ ń gbé. Bódìjà tí a jókòó sí, ìlànà ilé òyìnbó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950. Ilé Kòkó tí ó ga ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní 1965, àwọn ilé gíga òyìnbó ni a wò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni a fi kọ́ ọ, orúkọ kòkó náà ni ó sì ń jẹ́. Ní iwájú Àgbowó, nínú ọgbà Yunifásítì, Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew mú ìlànà ilé tuntun ti Yúróòpù wá, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé oòrùn wa kì í ṣe oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n dá ihò oníṣẹ́ ọnà sí ara ògiri kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Láti Ring Road títí dé Challenge, kò sí ilé kan nínú ilé wa tí kò wo òmíràn kọ́. Ìlú tí kò wo ìlú mìíràn kọ́ṣe kò tíì sí.

Àwọn àlejò náà ti wo tiwa kọ́. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé ilẹ̀ wa ní 1950. Ó kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sára aṣọ, ó sì fi í ya àwọn aṣọ ńlá tí ó sọ ìtàn àwọn òrìṣà. N kò tíì gbọ́ kí aládìrẹ kan pè é ní olè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni ó sì fi rí i.

Kí wá ni ó burú nínú aṣọ tí a rà ní èṣí? Nígbà tí ọdún kọjá, mo lọ sí ilé ìyá àgbà náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ mi bí a ti ń mọ àdìrẹ. Ó tẹ́ méjì sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, ojú kan ni a fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, nítorí pé aró ti mu ún láti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ, ojú ni ó dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ràn bí ẹni tí àìsàn ṣe, nítorí pé òkè ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wo òpó Màpó tí ó wà lára aṣọ ẹ̀rọ: gbogbo wọn ṣe déédéé bákan náà, láti etí dé etí. Ó wá nawọ́ sí tirẹ̀, ó ní, "Wo èyí, ó tẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi ń ké."

Mo bi í bóyá inú ń bí i sí àwọn tí wọ́n wo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó ní rárá o, òun náà wo ti ìyá ọkọ òun ni. Ó ní ohun tí ó ń dun òun ni pé nígbà tí òun bá gbé aṣọ dé ọjà, oníbàárà yóò ní, "Ìyá, èyí tí ó wà ní ìsọ̀ yẹn kò tó ìdajì owó yìí, àdìrẹ náà sì ni." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, pàápàá ní ilẹ̀ Ṣáínà, ti ya àwòrán àwọn ìyá wa, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá. Bí wọ́n bá pè é ní aṣọ ẹ̀rọ, ìjà wa kì bá tí pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pè é ní àdìrẹ, orúkọ ìyá ni a fi tà á, a sì fi orúkọ rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ayédèrú nìyẹn. Àwòkọ́ṣe a máa fi kún iṣẹ́, a sì máa jẹ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ayédèrú a máa gba orúkọ, a sì máa fi olórúkọ sílẹ̀ nínú ebi. Nínú ilé ìyá náà, ìkòkò mẹ́rin ni mo rí. Ọ̀kan péré ni aró wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kò lè bọ́ ilé mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Olùbánisọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo wa ni ó lè ra iṣẹ́ ọwọ́, ó wọ́n." Òótọ́ ni. N kò bẹ̀rù láti sọ pé èmi náà ń ra aṣọ ẹ̀rọ, n ó sì tún rà á. Àwọn ìyá wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kò sí ìtìjú nínú pé kí olúkúlùkù wọ ìwọ̀n tirẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí a pe aṣọ ẹ̀rọ ní aṣọ ẹ̀rọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Aṣọ náà ní ilé tí ó ti wá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní orílẹ̀-èdè wa, èyí tí a tún ṣe ní 2022, sọ nípa iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwùjọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró sí ẹnu gbogbo ìsọ̀ láti Dùgbẹ̀ dé Alẹ́ṣinlóyè. Àwa tí à ń rajà ni a lè dúró níbẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ gbé ohun mẹ́ta ka iwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí a yan aṣọ ọdún tí ń bọ̀ láti oṣù yìí lọ, kí a sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláró ìlú wa. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í yá bí ti ẹ̀rọ, ìkánjú wa sì wà lára ohun tí ó tì wá sí ọwọ́ ayédèrú. Bí owó kò bá tó kí gbogbo wa ró odidi, kí àwọn obìnrin fi ṣe gèlè, kí àwọn ọkùnrin fi dá fìlà, kí a sì mọ̀ pé ìwọ̀nba tí a ní jẹ́ òótọ́.

Èkejì, kí ìwé ọdọọdún wa máa tẹ àwòrán àdìrẹ kan jáde ní ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ìtumọ̀ àwọn ojú rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é bí olúwa rẹ̀ bá fẹ́. Ní 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe àkójọ ìwé kan lórí àdìrẹ, èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ pé ìwé tí àlejò ṣe nìkan ni ọmọ wa yóò máa ṣí kí ó tó mọ orúkọ aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà.

Ẹ̀kẹta kàn yín, ẹ̀yin ọmọ wa ní ìdálẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà a máa sanwó gọbọi fún ohun tí a bá pè ní àdìrẹ, nítorí pé àárò ilé ń sọ wọ́n. Ẹ yí etí aṣọ náà padà kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè ẹni tí ó dá a láró. Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ san owó aṣọ ẹ̀rọ fún un, kí ẹ má san owó ìyá.

Alàgbà Alága, mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Aṣọ èṣí ṣì wà nínú àpótí mi, n kò sì ní sun ún, nítorí owó ẹgbẹ́ ni. N óò máa wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n mo ti fi owó ìpìlẹ̀ ìró kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà náà, ó sì ti ní kí n má wá yọ òun lẹ́nu kí oṣù méjì tó pé. Bí ẹgbẹ́ bá gbà, ẹ jẹ́ kí a jọ fi iṣẹ́ sínú ìkòkò mẹ́ta tí ó ṣófo.

 Kí Ìbàdàn máa dùn fún wa, kí ó sì máa dùn fún àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sára aṣọ. Ire o.